Ìrìn Ẹsẹ̀ Fún Èrò Ọkọ̀ Òkun: Ẹ̀kọ́ Tí Salvador Kọ́ Wa

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ kíkọ ìwé atọ́nà fún èrò ọkọ̀ òkun, ẹ má kọ́kọ́ wádìí ibi tó rẹwà jù nílùú. Aago tí ọkọ̀ máa ṣí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí. Àlejò tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì lè ní ohun tí òun ò rí lónìí, òun á rí i lọ́la. Ti èrò ọkọ̀ òkun ò rí bẹ́ẹ̀. Oòrùn ọjọ́ kan ṣoṣo ló ní, ọkọ̀ tó gbé e wá ò sì ní wẹ̀yìn tó bá tó àkókò àtilọ. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ka wákàtí láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú.

Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, lórílẹ̀-èdè Bràsíl, ni màá fi ṣàlàyé, torí pé ẹsẹ̀ ìlú àtijọ́ gan-an ni ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, èrò ò nílò bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó débẹ̀. Ọdún 1549 ni Tomé de Sousa tẹ ìlú náà dó fún ọba Potogí, ibẹ̀ ló sì jẹ́ olú ìlú Bràsíl títí di 1763. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá pọ̀ nínú ìlú yẹn. Ọmọ Yorùbá tó bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ ò gbọdọ̀ kọ ọ́ bí ẹni tó ń ka pátákó ojú títì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ká sọ pé ọkọ̀ gúnlẹ̀ ní aago 8 àárọ̀, tí yóò sì ṣí ní aago 5 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí 9 nìyẹn lójú ẹni tí ò mọ̀. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ọkọ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn lè gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, gbogbo èrò á sì tún tò sẹ́nu ọ̀nà kan náà. Aago 9 ni kẹ́ ẹ kà sí ìgbà tí ẹsẹ̀ máa kan ilẹ̀. Ní ti àbọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló fẹ́ kí èrò ti wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú kó tó ṣí, àwọn mìíràn fẹ́ wákàtí kan. Ẹ mú èyí tó le jù, ìyẹn aago 4. Kẹ́ ẹ wá yọ wákàtí kan sí i nítorí òjò, nítorí ìlà níbi ẹ̀rọ agbéniròkè, àti nítorí ẹsẹ̀ tó bá rọ́. Aago 3 ni kí ìwé yín ti dá wọn padà sẹ́nu ọ̀nà èbúté. Wákàtí 6 ló kù. Ẹ yọ oúnjẹ ọ̀sán àti ilé ìtura kúrò, kò ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ tó ṣẹ́ kù fún ìrìn àti ìwòran.

Ohun tó jẹ́ ká máa le báyìí ni pé ọkọ̀ máa ń dúró de àwọn tó ra ìrìn ọjọ́ náà lọ́wọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀, bí bọ́ọ̀sì wọn bá pẹ́. Ẹni tó ń dá rìn ò ní irú ààbò yẹn. Bó bá pẹ́, owó ara rẹ̀ ni yóò fi wọ bàálù lọ bá wọn ní èbúté tó kàn. Nítorí náà, kó wà nínú ìwé yín pé kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ìwé ètò ọjọ́ náà tí ọkọ̀ ń pín, torí pé nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté sábà máa ń wà lára rẹ̀. Kí wọ́n ya ojú ewé páàsípọ́ọ̀tù wọn pẹ̀lú.

Aago fóònù náà ń kó bá èèyàn. Wákàtí 3 ni Salvador fi rẹ̀yìn sí aago Greenwich, wọn kì í sì í yí aago padà nígbà kankan lọ́dún. Ọkọ̀ tó ń ti Yúróòpù bọ̀ lè má tíì yí tirẹ̀. Fóònù ní tiẹ̀ á yí fúnra rẹ̀ ní kété tó bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bràsíl, ni èèyàn kan á bá ní aago méjì tí kò bá ara wọn mu. Ẹ ní kí wọ́n yí aago ọwọ́ lásán sí aago ọkọ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án mọ́ títí wọ́n á fi padà wọlé.

Ìlú méjì ló wà nínú Salvador, ọ̀kan lórí èkejì. Ìlú Ìsàlẹ̀ wà létí omi, Ìlú Òkè sì wà lórí òkè tó dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ agbéniròkè tí wọ́n ń pè ní Elevador Lacerda ti so méjèèjì pọ̀ láti 1873. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 72, kì í sì í gbà ju bí ìdajì ìṣẹ́jú lọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ owó wẹ́wẹ́ Bràsíl ni kí wọ́n mú dání. Ibi tí máàpù orí fóònù ti máa ń ṣini lọ́nà nìyí, torí pé ó lè fi Ladeira da Montanha han èrò bí ọ̀nà tó yá. Ọ̀nà yẹn ga, èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ja àlejò lólè níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ gbàgàdà pé kí wọ́n má gbà á, ì báà jẹ́ ní àlọ tàbí ní àbọ̀. Plano Inclinado Gonçalves, ọkọ̀ tó ń gun òkè lórí irin, tó sì ń já sẹ́yìn kàtídírà, dára bó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tì í fún àtúnṣe, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Láti ẹnu ọ̀nà èbúté ní Avenida da França dé Mercado Modelo ò tó kìlómítà kan. Ilẹ̀ tẹ́jú, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ló gbà. Ilé aṣọ́bodè àtijọ́ tí wọ́n parí ní 1861 ni ọjà náà wà. Ọjà yìí ló ń ba ìṣirò jẹ́ jù lọ. Èrò á yà síbẹ̀ láàárọ̀, á ra ìlù, á ra aṣọ tábìlì, á wá máa gbé wọn kiri lókè nínú oòrùn. Ẹ fi ọjà sí òpin ìrìn. Láàárọ̀, kí wọ́n kàn sọdá sí Lacerda. Bí ìlà bá ti gùn (ó máa ń gùn nígbà tí ọkọ̀ méjì bá gúnlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà), kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì Nossa Senhora da Conceição da Praia tó wà nítòsí. Potogí ni wọ́n ti gbẹ́ òkúta rẹ̀, tí wọ́n fi ọkọ̀ kó o wá, kí wọ́n tó tò ó pọ̀ níbẹ̀.

Tí èrò bá jáde lókè, gbàgede Praça Tomé de Sousa ló máa bá ara rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ má kọ ọ́ pé kí wọ́n yíjú sí ìlà oòrùn, torí pé lásìkò tí ọkọ̀ ń wá jù, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sórí gan-an níbẹ̀, àlejò ò sì ní mọ ibi tó kọjú sí. Ara èrò fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi júwe: ẹ kẹ́yìn sí ẹ̀rọ agbéniròkè, ilé ńlá ọwọ́ ọ̀tún yín ni Palácio Rio Branco, ilé tó dojú kọ yín lọ́ọ̀ọ́kán ni Câmara Municipal, ilé ìgbìmọ̀ ìlú. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ilé yẹn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú wà ní 1835. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Pacífico Licutan mọ́, àgbà Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá. Kò ṣẹ̀ sí òfin. Ọ̀gá rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé òun gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ọ̀gá náà. Lálẹ́ ọjọ́ 24 oṣù kìn-ín-ní, àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ tú ilé kan wò ní Ladeira da Praça, ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Câmara yìí. Àwọn tó wà nínú ilé náà tú jáde pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n sì gòkè wá sí gbàgede yìí láti gba Licutan sílẹ̀. Ìbọn ni wọ́n fi pàdé wọn. Ìjà náà gba gbàgede Terreiro de Jesus kọjá, ó sì parí sí Água de Meninos létí omi, níbi tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ti borí wọn. Àwọn tó kú lé ní 70. Nagô, ìyẹn àwọn ènìyàn wa, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba lé ọ̀pọ̀ padà sí Áfíríkà, àwọn mìíràn sì fi owó ara wọn padà. Lára irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Àgùdà tó tẹ̀dó sí Èkó àti Àjàṣẹ́.

Nínú ìwé tí èrò máa kà lórí ìdúró, ẹ dín ìtàn yẹn kù sí nǹkan bí ọ̀rọ̀ 100. Ẹni tó wà nínú oòrùn kì í fẹ́ kàwé ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ètò rẹ̀ ló ṣe pàtàkì: ibi tí yóò dúró sí, ohun tí yóò wò, kó tó kan ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìtàn bá ṣáájú, ojú á máa wá ilé kiri nígbà tó yẹ kí etí máa gbọ́. Mo sì gbà pé bí ẹ ò bá ní àyè ju ti ibi kan lọ nínú gbogbo ìwé náà, ibi yìí ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Praça da Sé ò gba àkókò. Kí wọ́n wo òkun láti ibi àgbélébùú tó ṣubú, èyí tí wọ́n fi rántí kàtídírà àtijọ́ tí wọ́n wó ní 1933, kí wọ́n sì máa lọ. Ní Terreiro de Jesus, ẹ fún Museu Afro-Brasileiro, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní ìṣẹ́jú 40. Inú ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àkọ́kọ́ ní Bràsíl, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1808, ló wà. Pátákó igi kédárì 27 tí Carybé gbẹ́ wà níbẹ̀, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun ọwọ́ rẹ̀ àti ẹranko tó jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá rí Ògún àti Ọ̀ṣun níbẹ̀ ò nílò àlàyé púpọ̀. Fásitì ló ni ilé náà, ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí wò dáadáa, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, tí wúrà bo inú rẹ̀, ni gbogbo ìwé atọ́nà àtijọ́ ń darí èrò sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2025, apá kan àjà rẹ̀ já lulẹ̀, ó pa àlejò kan, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa. Ẹni tó ń da ìwé ẹlòmíràn kọ á ṣì máa rán èrò lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn tó wà ní títì. Ibùdúró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ohun tí èèyàn lè rí láti ìta. Níbí, ojú ṣọ́ọ̀ṣì Ordem Terceira tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni: òkúta gbígbẹ́ látòkè délẹ̀, tí wọ́n ti rẹ́ bò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tú u síta.

Láti ibẹ̀ lọ sí Largo do Pelourinho, orúkọ òpópónà lè da èrò rú. Ọ̀nà tí máàpù kan ń pè ní Rua Alfredo de Brito, òun náà ni òmíràn ń pè ní Rua das Portas do Carmo. Ẹ kọ méjèèjì. Òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ò dọ́gba, ó sì ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Sálúbàtà ò dára níbẹ̀, bàtà tó di ẹsẹ̀ mú ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n wọ̀. Gbàgede náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ibẹ̀ ni òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà wà nígbà kan. Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù ti Nossa Senhora do Rosário dos Pretos wà, tí ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1704 pẹ̀lú agbára ara wọn. Casa do Benin, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ayàwòrán ilé Lina Bo Bardi ṣe ètò rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1988, wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má rán èrò kọjá ibẹ̀ lọ sí Baixa dos Sapateiros, bẹ́ẹ̀ ni ẹ má rán wọn wọ kọ̀rọ̀ tí èèyàn ò sí.

Ẹ kọ ibi ìpinnu kan sí Largo do Pelourinho. Bí aago ọkọ̀ bá ti kọjá 1 ọ̀sán, kí wọ́n gbàgbé àdúgbò Santo Antônio Além do Carmo tó wà níwájú, kí wọ́n padà sókè. Ìsọ̀kalẹ̀ tí wọ́n rìn ní ìṣẹ́jú 10 á gba 15 bí wọ́n bá ń gòkè padà. Aago 2:10, kí wọ́n wà nídìí Lacerda. Ìyẹn á fi bí ìdajì wákàtí sílẹ̀ fún ọjà.

Ní ti oúnjẹ, acarajé, ìyẹn àkàrà, lọ́wọ́ àwọn ìyá aláṣọ funfun dára, àmọ́ edé wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà náà sì máa ń wà nínú vatapá tí wọ́n ń fi sí i láàárín. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gba edé tàbí ẹ̀pà gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fi sẹ́nu. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ya fọ́tò, kó bèèrè iye rẹ̀ ṣáájú. Àwọn tó ń so rìbọ́ọ̀nù Bonfim mọ́ni lọ́wọ́ á ní ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì bèèrè owó tán. Kí èrò kó ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, kó dúpẹ́, kó máa lọ.

Ọjọ́ Àìkú yàtọ̀ pátápátá. Àdúgbò Comércio níwájú èbúté máa ń dá páropáro, torí pé ọ́fíìsì ló pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kí ìwé yín fi takisí láti èbúté dé Praça da Sé rọ́pò ìrìn òwúrọ̀. Ní àsìkò kánífà, ẹ má lo ìwé yìí rárá, torí pé ọ̀nà tí wọ́n ń dí ń yí padà láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ wá ẹni tó ti lé ní ọdún 65, tí kò mọ ìlú náà rí. Ẹ fún un ní ìwé náà, ojú ewé méjì ní lẹ́tà ńlá, kẹ́ ẹ máa tẹ̀lé e lẹ́yìn láì sọ̀rọ̀, ní aago kan náà tí èrò máa rìn. Ibi tó bá ti dúró, tó ń wòtún wòsì, gbólóhùn yín ló kùnà níbẹ̀. Ibi tó bá ti ń wá ibi tí yóò jókòó, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì wá àga tàbí òjìji tó sún mọ́ ọn jù.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ rìn ín kẹ́yìn. Bó bá ti lé ní ọdún kan, ẹ yọ gbogbo aago tí ilẹ̀kùn ń ṣí kúrò nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi padà lọ rìn ín.