Gìtá Àtijọ́ Tí Mo Rà ní Iléṣà

Gìtá oníná Stratocaster tí mo rà lọ́wọ́ àgbà onígìtá jùjú kan ní Iléṣà kì í ṣe èyí tí àwọn olùkó-ohun-àtijọ́-jọ yóò fẹ́, nítorí pé wọ́n ti fi ọ̀dà mìíràn kùn ún, wọ́n sì ti gbẹ́ igi rẹ̀ kí píkọ́ọ̀pù (ẹ̀rọ kékeré tí ń gba ìró okùn gìtá) oníwáyà méjì, irú èyí tí Seth Lover ṣe fún ilé-iṣẹ́ gìtá Gibson ní ọdún 1955, lè wọ inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi wọlẹ̀, mo sì dúpẹ́.

Píkọ́ọ̀pù oníwáyà kan a máa kùn bí oyin. Nínú oníwáyà méjì, ìkejì ni ó ń pa ariwo ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, fún jùjú, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti píkọ́ọ̀pù oníwáyà kan ti ẹ̀gbẹ́ ọrùn gìtá náà, tí wọn kò fọwọ́ kàn, ni mo fẹ́ràn jù.