Ọmọ tí ò tíì pé mẹ́rin kì í sanwó

Ọdún kẹta tí mo dé ìlú ọba, January 2014, wọ́n pè mí sí eré orí ìtàgé kan ní Manchester, torí ìrántí àwọn Júù mílíọ̀nù 6 táwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, pa. N'Íbàdàn tí mo ti ń ṣe tíátà bọ̀, èmi lẹ ó máa rí tó ń ṣe bàbá lándílọ́ọ̀dù, ọlọ́pàá, babaláwo, kí n sọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin kí n kúrò níbẹ̀. Èyí náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé rélùwéè ní Jámánì ni mo ṣe, èmi dúdú, níbí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo àwọ̀ lórí ìtàgé mọ́.

Iṣẹ́ akọ̀wé yẹn ni kó ṣírò owó ọkọ̀ àwọn tí wọ́n ń kó lọ pa. Òótọ́ ni o, kì í ṣe pé wọ́n ronú ẹ̀ sínú eré. Rélùwéè Jámánì gbowó lórí wọn, àlọ nìkan, àwọn ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n ń ṣírò àbọ̀ fún. Àgbà, pfennig 4, owó ẹyọ Jámánì ayé ìgbà yẹn, lórí kìlómítà kan, ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10, ìlàjì, ọmọ tí ò tíì pé 4, ọ̀fẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ rìhásà mo ṣe é bá a ṣe ń ṣe é nílé. Nílé, ìkà gbọ́dọ̀ hàn lójú, wàá ranjú, wàá gbá tábìlì, èrò á máa ṣépè fún ẹ látìsàlẹ̀, ibẹ̀ lo ti máa mọ̀ pé eré ti wọ̀ wọ́n lára. Ìgbà kan tí mo ṣe ọkọ tó lé ìyàwó ẹ̀ síta nínú òjò, ìyá alákàrà kan ní Mọ́kọ́lá kọ̀ kò tà fún mi lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n lọ bẹ ìyàwó mi ná. Dàrẹ́tọ̀ wa ní Manchester gbọ́ mi tán, ó ní ṣé mo mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń rò? Bóyá ìṣirò òun pé ló ń rò. Ó ní kí n rọra sọ ọ́, kí n má gbójú kúrò lórí ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ohùn mi jà.

Rìhásà níbí, aago mẹ́wàá ni mẹ́wàá, tó bá di ọ̀sán kálukú á mú sáńwíìṣì ẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀. Nílé iná lè lọ, mẹ́wàá lè di aago méjì, ṣùgbọ́n abọ́ àmàlà kan lẹni mẹ́rin ń bù, ẹni tójú ẹ̀ bá fà ro wọ́n á bi í kó tó gbé òkèlè kejì. Àárò ìyẹn sọ mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ eré yẹn wúwo, èmi nìkan ni mò ń gbé e lọ sílé nínú bọ́ọ̀sì tẹ́nì kan ò ti kí ẹnì kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ àwọn Júù. Mo sọ ti Bayume Mohamed Husen fún wọn, èèyàn dúdú, ọmọ Dar es Salaam ní Tanzania, tó ń gbé Berlin, ipa kéékèèké bíi tèmi ló ń ṣe nínú fíìmù Jámánì. Àwọn Násì mú un lọ́dún 1941 torí ó bá obìnrin funfun ní àjọṣe, Sachsenhausen, àgọ́ ẹ̀wọ̀n àwọn Násì, ló kú sí ní November 1944. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ lórí fóònù, wọ́n wá ní ṣé ó bímọ. Mo ní ó bí.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, tí mo dé ibi "ọmọ tí ò tíì pé mẹ́rin kì í sanwó", gbogbo èrò pa lọ́lọ́. Àyà mi já. Nílé, tí èrò bá dákẹ́ báyẹn, eré ti bàjẹ́ nìyẹn.

Níbí wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á wọ kóòtù, ó parí, kò sẹ́ni tó ń wá lẹ owó mọ́ ẹ níwájú orí. Ṣùgbọ́n màmá kan dúró dè mí nínú òtútù lẹ́nu ọ̀nà, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n nígbà tí wọ́n gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin ní Berlin ní 1939, nọ́ńbà lọ́rùn, nínú àwọn ọmọ bí 10,000 tí ìlú ọba gbà kí ogun tó dé. Wọn ò rí ìyá wọn mọ́. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Bí ọkùnrin ibi tíkẹ́ẹ̀tì ṣe bá màmá mi sọ̀rọ̀ nìyẹn, jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó ṣe mí bíi kí n dọ̀bálẹ̀, mo kàn tẹrí ba.

Àjíǹde ọdún yẹn mo lọ sílé. Ní Òjòó, nínú bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́, ìyá kan gbé ọmọ ẹ̀ jókòó sórí àga, kọ̀ndọ́ bá pariwo mọ́ ọn, "Ìyá ìkókó, ẹ gbé e lẹ́sẹ̀ jàre, ẹ ò ní sanwó ẹ̀!" Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbé e lẹ́sẹ̀. Ọmọ náà nawọ́ sí gúgúrú tó wà lọ́wọ́ mi, mo kó gbogbo ẹ̀ fún un. Bàbá tó jókòó tì mí ti ń kí mi láti ìgbà tí mo wọlé, a ti dé Mọníyà kí n tó lè dá wọn lóhùn.