Òru tí ìdákọ̀ró wa ń wọ́ ní Stangate Creek

Ní Ẹ̀pẹ́ tí mo dàgbà sí, ọ̀pá ni Bàámi fi ń dá ọkọ̀ wọn dúró. Wọ́n á ki ọ̀pá gbọọrọ bọ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà, wọ́n á so okùn mọ́ ọn, wọ́n á lọ sùn. Ibi tí wọ́n fi ọkọ̀ sí náà ni wọ́n ti ń bá a láàárọ̀, torí pé ọ̀sà wa kì í fi bẹ́ẹ̀ ga, kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Ọkàn yẹn ni mo gbé wá sórí odò Medway ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí mo ra ọkọ̀ onígbòkun mi, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 26.

Medway kì í ṣe ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi òkun ń wọlé tó sì ń fà padà. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà ní Sheerness, ìlú tó wà lẹ́nu odò náà, lé ní mítà 5. Ẹ to géńdé mẹ́ta léra wọn lórí.

Omi ti fà tán nígbà tí èmi àti Ìyá Ìbejì wọ Stangate Creek, ẹ̀ka omi kan tó ya lára Medway, ní alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi sọ pé mítà 3 ló wà nísàlẹ̀ wa. Wọ́n ti kọ́ mi pé ẹni tó bá fi ṣéènì nìkan so ìdákọ̀ró, kó tú u sílẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin jíjìn omi. Mítà 12 nìyẹn. Mo tú 15, mo ní mo ti ṣe é ní àṣejù, mo sùn.

Ní nǹkan bí aago méjì òru, Ìyá Ìbejì fọwọ́ tọ́ mi. "Dádì Ìbejì, ẹ dìde. Iná tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa lẹ́ẹ̀kan ti bọ́ síwájú."

Omi ti di mítà 8. Ṣéènì mítà 15 kò tó ìlọ́po méjì rẹ̀ mọ́. Bí ṣéènì bá gùn, ó máa ń tẹ́ lórí ẹrẹ̀, ọkọ̀ á máa fa ìdákọ̀ró lọ́ọ̀ọ́kán, ìdákọ̀ró á sì túbọ̀ máa rì. Tiwa ti nà ṣánṣán sókè, ó ń fà á tu bí ẹní ń fa ègé tu. Afẹ́fẹ́ ti ń tì wá lọ sí bèbè. Mo tan ẹ́ńjìnnì, a kó ṣéènì sókè nínú òkùnkùn, a tún ìdákọ̀ró sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Ìbejì kò bá mi wí rárá. Títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò fojú kan oorun.

Látìgbà náà, ibi tí omi máa ga dé lóru ni mo ń ṣírò. Mítà 3 tó wà nílẹ̀, 5 tó ń bọ̀, 1 fún gíga imú ọkọ̀: 9. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 36. Bó bá jẹ́ okùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìlọ́po mẹ́fà ni.

Mo sì fẹ́ràn Stangate síbẹ̀. Erékùṣù Burntwick wà níwọ̀ oòrùn rẹ̀, àbàtà Chetney wà ní ìlà oòrùn, koríko pẹrẹsẹ ni méjèèjì. Wọn kì í dí afẹ́fẹ́, àwọn wáyà òpó ìgbòkun wa á máa súfèé mọ́jú, àmọ́ ìgbì kò rọ́nà gbà. Afẹ́fẹ́ àríwá nìkan ló máa ń gba ẹnu rẹ̀ wọlé; lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀, n kì í lọ síbẹ̀. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ọkọ̀ tó bá wá láti ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà dúró, kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ Lọ́ńdọ̀nù. Mo máa ń ronú kan àwọn tó wà nínú wọn, tí wọ́n ń wo ilẹ̀ tí wọn kò lè tẹ̀.

N kì í ju ìdákọ̀ró. Mo máa ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ọkọ̀ máa fà sẹ́yìn bí ṣéènì ṣe ń tú. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì á fà wá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, èmi á gbé ọwọ́ lé ṣéènì. Bó bá ń gbọ̀n rìrì, ìdákọ̀ró ṣì ń wọ́ nìyẹn. Bó bá le tí kò mira, ó ti mú. Ìyá Ìbejì á mú nǹkan méjì lórí ilẹ̀, ọ̀kan níwájú ìkejì, á máa wò ó bóyá wọ́n á yà; bí wọ́n bá yà, ọkọ̀ ti ń sún nìyẹn. Ojú rẹ̀ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ẹ̀rọ aláàmù tó ń kìlọ̀ bí ọkọ̀ bá sún lọ. Lẹ́yìn náà la ó tan iná funfun sókè.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a sùn níbẹ̀. Mo jí lẹ́ẹ̀mejì, mo wò, mo padà sùn. Láàárọ̀, ṣéènì gòkè pẹ̀lú ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn, tó lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Garawa omi mẹ́sàn-án la fi fọ̀ ọ́.