Owó inú àpótí kì í ṣe èrè: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìsọ̀ ní Kàbà

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtara. Láti Kàbà títí dé Ìyàrà, Mọ̀pà àti Ìsánlú, ìsọ̀ tuntun ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ṣí i ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba kò sì yọjú. Inú mi dùn pé ẹ kò jókòó lásán. Tí ẹ bá yà sọ́dọ̀ mi, ohun tí ẹ sábà máa ń bèèrè ni pé ọjà wo ló ń tà jù. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè nǹkan mìíràn: nínú owó tó wọlé lónìí, èwo gan-an ni tèmi?

Ìsọ̀ tó kógbá sílé lójú mi, kì í ṣe àìrí oníbàárà ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń tà dáadáa. Owó ọjà ni wọ́n jẹ mọ́ èrè.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ẹ ra ọjà ní 800 náírà, ẹ tà á ní 1,000. Gbogbo ènìyàn á ní ẹ ti jèrè 200. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Owó mọ́tò láti Ìlọrin tàbí Lọ́kọ́ja wà nínú 200 yẹn, owó alábàárù wà nínú rẹ̀, owó ìsọ̀, owó epo jẹnẹrétọ̀, àti páálí tí òjò bà jẹ́ lọ́nà. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni tiyín. 800 náà ńkọ́? Ti ọjà tó ń bọ̀ ni, ẹ kò ní í fọwọ́ kàn án. Lálẹ́, kí n tó ti ìlẹ̀kùn, mo máa ń ya owó sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ọjà ń lọ sí àkáǹtì tí n kò gba káàdì rẹ̀ rárá, ti ìnáwó ìsọ̀ wà lọ́tọ̀, owó iṣẹ́ tèmi náà sì wà lọ́tọ̀. Ẹ san owó oṣù fún ara yín, kó ní iye, kó ní ọjọ́. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ á máa bu owó díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì ní mọ iye tó ti bù.

Iye tí ẹ máa tún fi ra ọjà padà ni kí ẹ fi dá owó lé e, kì í ṣe iye tí ẹ rà á nígbà yẹn. Ọdún 2023 kọ́ gbogbo wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́. Epo tí kò tó 200 náírà fún lítà kan tẹ́lẹ̀ lé ní 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó mọ́tò fò sókè, ọjà náà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń bá a lọ láti ta ọjà tó wà nílẹ̀ ní iye àtijọ́ gbowó tán, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọjà ní páálí-páálí, owó náà kò gbé iye ọjà àná mọ́. Àwọn kan á sọ pé ìwọra ni kí èèyàn fi owó lé ọjà tó ti rà tẹ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dun oníbàárà, ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n tí ìsọ̀ bá ṣófo, oníbàárà kan náà yẹn ló máa wọ mọ́tò lọ ra iyọ̀ níbòmíràn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ẹ fi rìsíìtì tuntun hàn wọ́n tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀dínwó náà ń fẹ́ ìṣirò. Tí ẹ bá yọ 100 péré kúrò lórí 1,000 yẹn, ẹ má rò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ẹ yọ. Ìdajì ohun tó lé ni ẹ gbé fún oníbàárà. Ẹ ní láti ta méjì kí ẹ tó rí ohun tí ẹ̀ ń rí lórí ọ̀kan. Mo fẹ́ràn kí n fi ènì kékeré kún un ju kí n já owó lọ.

Ẹ tún máa wo bí ọjà ṣe ń yá sí. Ẹ ká sọ pé ẹ fi 20,000 ra ìndómì, 1,000 péré ló lé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tán lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fi 20,000 mìíràn ra wáìnì, 6,000 ló máa lé, ó sì gba oṣù mẹ́rin kó tó tán. Lóṣù mẹ́rin yẹn, ìndómì ti mú bí 16,000 wá. Wáìnì ló dára lójú lórí pẹpẹ, ìndómì ló ń bọ́ ìsọ̀. Ẹ ra ìwé kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ tà lójoojúmọ́ sí i. Ọjà tí orúkọ rẹ̀ kò bá hàn níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ tà á ní iye tí ẹ rà á, kódà kí ẹ pàdánù díẹ̀, kí ẹ gba owó yín sílẹ̀. Kí ẹ tó ra oúnjẹ alágolo tàbí oníláílọ́ọ̀nù, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Tí tuntun bá dé, ẹ̀yìn ni kí ẹ tò ó sí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwìn. Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí ìlú wa kò rí bí Èkó. Oníbàárà yín ni àbúrò ìyá yín, ni tíṣà tó kọ́ yín ní ABD, ni alàgbà ìjọ yín. N kò ní sọ pé kí ẹ má tà láwìn, ẹni tó bá kọ̀ jálẹ̀ kò ní rí ẹni yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí àwìn ń gbé lọ. Ẹnì kan kó ọjà 5,000 láì san án. Nínú rẹ̀, 4,000 ni owó tí ẹ fi rà á. Kí ẹ tó rí 4,000 yẹn padà láti inú èrè, ẹ ní láti ta ọjà 20,000 mìíràn, ìyẹn tí ẹ kò bá ka owó mọ́tò.

Nítorí náà, mo fi ààlà sí i: gbogbo àwìn tó wà níta kò gbọdọ̀ ju èrè oṣù kan lọ. Tó bá ti dé ibẹ̀, ìwé ti kún. Ẹ kọ gbèsè kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lójú ẹni tó jẹ ẹ́, kó fọwọ́ sí i. Ẹ sì bá a dá ọjọ́ tí owó máa ń wọlé fún òun gan-an. “Ìparí oṣù” bá tíṣà mu. Àgbẹ̀ kò ní ìparí oṣù. Ó ń retí kajú, tó ń jáde láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, nígbà tí àwọn tó ń rà á bá kó owó wá. Bí ẹ bá bá àgbẹ̀ dá oṣù kọkànlá, ẹ kàn ń kọ́ ọ láti máa sá fún ìsọ̀ yín ni.

Tí ẹni tí ẹ ń bọ̀wọ̀ fún bá tún wá kí ó tó san tàtijọ́, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí ẹ wí pé: “Ẹ má bínú mà, ìwé ti kún. Tí ẹ bá lè fún wa ní díẹ̀ nínú tàná, a máa gbé tòní fún yín.” Àgbà tó mọ̀wà kì í bínú sí i. Ohun tó ń ba ìbátan jẹ́ ni kí ẹ fún un, kí ẹ sì máa ráhùn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìlú wa ní àsìkò tirẹ̀. Nígbà kajú, owó wà lọ́wọ́ ènìyàn: páánù, aṣọ, irin iṣẹ́, ọjà olówó ńlá ń tà. Ní oṣù kẹfà sí ìkeje, kí iṣu tuntun tó jáde, ẹ má kó páálí ńláńlá. Wàrà àti ọṣẹ onísáṣẹ́ẹ̀tì làwọn ènìyàn ń rà. Ní oṣù Kérésì, àwọn ará ilé ń ti Èkó àti Àbújá bọ̀, òkú ṣíṣe náà sì ń pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti omi inú ọ̀rá ni kí ẹ pèsè, láti oṣù kọkànlá, kí owó mọ́tò tó gorí sí i.

Owó tí wọ́n fi fóònù ránṣẹ́, ẹ má gba ohun tó hàn lójú fóònù oníbàárà gbọ́. Kó wọ àkáǹtì yín kí ọjà tó jáde. Ohun tí ẹ̀yin tàbí ará ilé yín bá sì mú lórí pẹpẹ, ìrẹsì ìkòkò kan tàbí ọṣẹ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bíi ti oníbàárà, kí ẹ yọ ọ́ nínú owó oṣù yín.

Ní oṣù kìíní, tí ọdún bá ti kọjá tí kajú kò sì tíì dé, ọjà máa ń rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ ti ìsọ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ní iye tí ẹ rà á, kí ẹ fi owó ọwọ́ àti àwìn tó dájú kún un, kí ẹ yọ gbèsè tí ẹ jẹ kúrò. Ẹ fi èyí tó kù wé ti ọdún tó kọjá. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá tíì ní ìlà, kó yà sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án nígbà tí èrò kò pọ̀, mo máa bá a fà á.