Àṣàrò àti Ohun Tí Ọwọ́ Ń Ṣe

Ìbéèrè kan ti ń gbé mi lọ́kàn tipẹ́: nígbà tí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́ níwájú Ẹlẹ́dàá rẹ̀, tí ó ṣe àṣàrò títí ara rẹ̀ fi rọ̀, kí ni ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe nígbà tí ó bá dìde? Ibẹ̀ gan-an, ní tèmi, ni a ti ń mọ àṣàrò tó jẹ́ òtítọ́.

Nígbà tí Ọlọ́run ń gba Jóṣúà níyànjú, Ó ní kí ó máa ṣe àṣàrò nínú ìwé òfin ní ọ̀sán àti ní òru, kí ó lè máa ṣe gẹ́gẹ́ bí gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Ṣíṣe ni Ó ní lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Àlùkùráánì, ní súrà kẹtàdínláàádọ́fà, kéde ègbé fún àwọn tó ń kírun pẹ̀lú àìbìkítà àti ṣekárími, tí wọ́n sì ń háwọ́ ohun kékeré tí aládùúgbò nílò.

Ìyá kan wà ní ọjà Odò-Ògbè nílé Ifẹ̀ níbí tí mo máa ń ra gaàrí lọ́wọ́ rẹ̀. Tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, ètè wọn a sì máa mì bí wọ́n ti ń ṣe sikiri, ìyẹn dídárúkọ Ọlọ́run léraléra, láàárín ariwo ọjà. Bí oníbàárà bá dé, wọn á ti tẹ̀sùbáà náà sí ọrùn ọwọ́, wọn á bu gaàrí kún kóńgò, wọn á mì ín kí ó lè kì, wọn á tún bù lé e títí yóò fi ṣe ṣóńṣó, kí wọ́n tó wá fi èènì sí i. Gbogbo wa la mọ bí àwọn kan ṣe ń tẹ ìdí kóńgò wọnú; ìdí kóńgò tiwọn tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo yìn wọ́n, wọ́n ní, “Ọmọ mi, Ẹni tí mò ń dárúkọ rẹ̀ yìí ń wo kóńgò náà.”

Ọ̀nà alápá mẹ́jọ tí Buddha, olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn Búdà, fi kọ́ni ní Íńdíà náà ní àṣàrò nínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títọ́, ìṣe títọ́ àti iṣẹ́ oòjọ́ tó tọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti John Woolman, aránṣọ kan ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, tí ó gbé ayé láti 1720 sí 1772. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Quaker, àwọn Kristẹni tí wọ́n máa ń jókòó pọ̀ láìsọ̀rọ̀, tí wọ́n ń dúró de ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run nínú ọkàn. Nígbà èwe rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó kọ ìwé títa obìnrin aláwọ̀ dúdú kan. Ó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á, nígbà tó sì yá, kò gbà mọ́ láti kọ ìwé ogún tó bá fi ẹrú lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń fi pẹ̀lẹ́tù bá àwọn ará ìjọ rẹ̀ tó ní ẹrú sọ̀rọ̀. Ní 1776, àwọn Quaker ìpàdé Philadelphia pinnu pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ ní ẹrú mọ́. Àwa tí wọ́n kó èèyàn wa lọ sókè òkun kò gbọdọ̀ fojú kékeré wo irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń polówó àṣàrò bí oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ nìkan. Ọkàn Woolman kò balẹ̀, àìbalẹ̀ ọkàn náà ló sì sún un ṣiṣẹ́. Ifá pàápàá sọ pé orí kan kì í burú l'ótù Ifẹ̀, ìwà nìkan ló ṣòro. Ìṣòro yẹn kò sì parí sórí ẹní àdúrà.

Ní àárọ̀, kí n tó dìde, mo máa ń bi ara mi pé owó ta ni ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, àti pé ta ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò dára sí. Ẹni tí ó bá wá sí mi lọ́kàn ni mo máa ń kọ́kọ́ pè lórí fóònù.