Mo sọdá sí Gberefu lónìí
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé èmi àti omi ò rẹ́. Síbẹ̀, mo wọkọ̀ lÁgbádárìgì láàárọ̀ yìí, mo sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gberefu. Mo ti fóònù bọ àpò, mo kàn ń wò ni. Lékeléke kan dúró létí òṣíbàtà, kò mira. Ó ń na ọrùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé, àfi gbàù! Ẹja wẹ́ẹ́ kan ti ń jà pìtìpìtì lẹ́nu rẹ̀. Ká ní fọ́tò ni mò ń yà, mi ò bá má rí i (fọ́tò tí mi ò ní pa dà wò láéláé!). Látòdìkejì iyanrìn la ti ń gbọ́ ariwo òkun Àtìláńtíìkì. Ọlọ́kọ̀ ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀rù ò bà yín mọ́?" Mo ní ó ṣì ń bà mí o, àmọ́ ọ̀la ni mo tún ń bọ̀.