Ibi tí erè bá ti jẹun, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀

Àná ni Àṣàkẹ́, ejò mi, jẹun, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ kan gbáko. Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn, mò ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ aboyún tó ń rọbí. Nígbà tí ìrù èkúté tí mo fún un wọlé sẹ́nu rẹ̀ tán, omi bọ́ lójú mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ejò mọ ohun tí mò ń sọ.

Erè ni Àṣàkẹ́, irú èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní royal python nílùú Ọba níbí, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní ball python, torí pé bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ róbótó bí bọ́ọ̀lù, á wá fi orí pamọ́ sáàárín. Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Gánà ni wọ́n ti ń kó ìran rẹ̀ wá sókè òkun tipẹ́tipẹ́. Manchester níbí ni wọ́n bí tèmi sí. Èmi tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo wá ń san owó iná kí òtútù má pa á. (Ẹni tó bá fẹ́ bi mí pé kí ni ọmọ Yorùbá ń fi ejò ṣe nínú ilé, màmá mi ti bi mí ṣáájú yín, mi ò sì tíì rí èsì fún wọn.)

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fún un lóúnjẹ nínú ilé gíláàsì rẹ̀, láìsí wàhálà. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún, tí àwọn náà ń sin ejò, wá kí wa. Wọ́n rí i bí mo ṣe fi ẹ̀mú na eku sí i. Wọ́n ní, “Àbúrò, ìwàkuwà lò ń kọ́ ejò yìí o. Tó bá ń jẹun nínú ilé rẹ̀, ọwọ́ yòówù tó bá wọlé, oúnjẹ ni yóò pè é. Á sì máa gbé èèpo igi tó o tẹ́ síbẹ̀ mì pẹ̀lú.” Wọ́n ní kí n ra ike ńlá onídèérí, kí n máa gbé e sínú rẹ̀ tó bá fẹ́ jẹun, kí n sì dá a padà tó bá jẹ tán. Ó bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo ra ike.

Ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló di ìjọ̀ngbọ̀n.

Ọjọ́bọ̀ ni, aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Eku tó wọn nǹkan bí 90 gíráàmù ni, mo ti gbé e kúrò nínú firísà láti àná ọjọ́ náà, mo fi omi gbígbóná mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo fi ọwọ́ ara mi nù ún gbẹ. Ẹ rántí ọwọ́ yẹn. Àṣàkẹ́ gbé e mì nínú ike lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, mo sì dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ó rẹ̀ mí, iṣẹ́ òwúrọ̀ ń dúró dè mí. Mo ṣí ìdérí.

Ọrùn rẹ̀ ti ká bí ìwọ̀ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja. Mo rí i. Mo rí i, mo ṣì na ọwọ́. Mi ò rí ìgbà tó fò, ohun tí mo kàn mọ̀ ni pé orí rẹ̀ ti wà ní ẹ̀yìn ọwọ́ mi, ara rẹ̀ sì ti ń wé mọ́ ọrùn ọwọ́ mi, ó ń fún un bí ẹni ń fún aṣọ. Erè kò ní oró, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ṣiṣẹ́ ní irú àsìkò yẹn. Mo fà á. Eyín rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn sọ́nà ọ̀fun, bí mo ṣe ń fà á ló ń ya ẹran ara mi. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìyàwó mi jáde láti yàrá, ó ní “Jésù!”, ó sì padà wọlé, ó tilẹ̀kùn. Èmi nìkan ni mo sáré dé ibi omi ẹ̀rọ, tí mo fi omi tútù sí i lẹ́nu títí tó fi jọ̀wọ́ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo di agbedeméjì rẹ̀ mú ṣinṣin, níbi tí eku yẹn wà gan-an, mo sì sáré jù ú sínú ilé rẹ̀.

Òórùn ló jí wa láàárọ̀. Irú pẹ̀tẹ̀ tó bàjẹ́, tí wọ́n gbàgbé sínú mọ́tò lóòrùn ọ̀sán, kò tó o. Eku náà wà nílẹ̀, ó gùn bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀, irun orí rẹ̀ ti bọ́. Àṣàkẹ́ wà ní igun kejì, ó gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Mo rò pé ó ń kú lọ ni. Àgbàlagbà bí èmi, mo kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì, mò ń bẹ ejò. Ìyàwó mi wá dúró lẹ́yìn mi: “Bàbá Tólú, nínú èmi àti ejò yìí, ẹnì kan máa kó jáde.”

Dókítà ẹranko ní oje inú rẹ̀ ti bó o lọ́fun, kí a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìfún un ní nǹkan kan ju omi lọ, ká wá fi èkúté kékeré bẹ̀rẹ̀. Ó kọ èkúté lẹ́ẹ̀mejì. Àná ló gbà á. Bẹ́ẹ̀ la ṣe débí.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí, òun náà ni ìkejì, òun náà ni ìkẹta: ẹ má gbé ejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Nínú igbó, inú ihò eku àti inú ògán ni erè yìí ń gbé. Ibẹ̀ ló sábà máa ń ba dè ohun tó fẹ́ jẹ, tó bá sì jẹ tán, ibi ìkọ̀kọ̀ ni yóò ká sí títí yóò fi dà. Kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ pálọ̀. Ooru ló fi ń da oúnjẹ, bí ìwọ̀n 31 sí 33 lórí Celsius ní ẹ̀gbẹ́ tó gbóná nínú ilé rẹ̀, ike mi ò sì ní ooru kankan. Ọjọ́ méjì ó kéré tán, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀kọ́ kẹrin, bóyá òun náà ni ìkíní ṣá: ilé kọ́ ló ń kọ́ ejò láti bu ọwọ́ jẹ. Ihò wẹ́wẹ́ wà létè òkè erè tó fi ń mọ ooru. Ọwọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì ń rùn bí eku, kí ni kó pè é? Ọdún mẹ́ta nínú ilé, kò fẹyín kàn mí, ìta ló ti bù mí jẹ. Tí mo bá fẹ́ gbé e báyìí, gọ̀gọ̀ irin kékeré ni mo kọ́kọ́ fi ń tọ́ ọ lára, kó mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ ló dé. Ti èèpo igi ńkọ́? Àwo pẹlẹbẹ kan ni mo ń gbé eku lé. Ìṣòro tí àwo yanjú, mo lọ ra ike fún un.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún ẹ̀gbọ́n yìí, wọ́n ní ṣebí ní Ouidah ní Bẹ̀nẹ̀, nílé Dàngbé, òrìṣà erè, ìta náà ni àwọn erè ti ń jẹun. Òótọ́ ni, wọ́n máa ń tú wọn sílẹ̀ lálẹ́ kí wọ́n lọ wá eku jẹ kiri ìlú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi ń lọ (ẹ dákun, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ). Ta ló ń yọ wọ́n lẹ́nu oúnjẹ lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú? Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń ṣe é níta tipẹ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá kó ejò méjì sójú kan náà sì ní ìdí tó fi yẹ kó yà wọ́n sọ́tọ̀ tí wọ́n bá ń jẹun, kí wọ́n má baà jọ du eku kan. Mi ò bá wọn jà. Ejò kan ni mo ní, ọwọ́ kan náà ni mo sì fi ń jẹ ẹ̀bà.

Ní báyìí ó ti ká sínú ihò rẹ̀, ikùn rẹ̀ yọ díẹ̀. Mo lẹ bébà mọ́ gíláàsì: “Ẹ má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ Ajé.” Ìyàwó mi ti kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: “Ta ló fẹ́ fọwọ́ kàn án?”